Ẹ Ka Ẹ̀yìn Ìwé Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I: Ọ̀rọ̀ Owó Tí Wọ́n Ń Gé Lọ́wọ́ Àwọn Asáré Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé ejò, ejò ní ń lé wa. Ẹni tó bá ń gba òpópónà Ìkòròdú sí Itóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí, kí àwọn ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ àjàgbé tó gba títì, yóò ti pàdé wọn: ọ̀dọ́ méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, wọ́n ń sáré létí ọ̀nà, òógùn bo ojú wọn. Àwọn mìíràn ń ṣe é fún ìlera ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tí wọ́n fẹ́ sọ eré sísá di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àti ejò tí ń lé wọn. Ejò náà kò sí nínú igbó. Inú ìwé àdéhùn ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà tí ìdíje Lagos City Marathon, tí ilé ìfowópamọ́ Access Bank ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́ wáyé ní oṣù Èrèlé ọdún 2016, ọmọ orílẹ̀-èdè Kenya kan ló gbégbá orókè, tó sì gba 50,000 dọ́là. Láti pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè ni àwọn asáré ti ń gbéra. Wọ́n ń gba òpópónà tí à ń pè ní Ikorodu Road, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé Ìkòròdú ni wọ́n ti yà, wọ́n ti gba orí afárá Third Mainland kọjá lọ sí Erékùṣù Èkó. Orúkọ ìlú wa wà lára ọ̀nà, eré kò dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó inú eré sísá ṣe ń ṣe sí àwọn ọmọ wa: wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, kì í dé ojúlé wọn.

Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń sáré lọ́jọ́ kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fi owó nínú àpò padà sílé. Níbikíbi lágbàáyé, kì í ṣe ẹ̀bùn ìdíje ni ọ̀pọ̀ asáré fi ń jẹun. Owó onígbọ̀wọ́ ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà, ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ ohun mímu tàbí olówó kan ní àdúgbò ni yóò sọ pé, "Máa wọ aṣọ mi, máa gbé orúkọ mi kiri, èmi náà yóò máa fún ọ ní nǹkan lóṣooṣù." Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí kò rí irú onígbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ a máa wá iṣẹ́ sí àjọ ọlọ́pàá, iléeṣẹ́ ológun tàbí àjọ ààbò mìíràn, kí wọ́n lè máa gba owó oṣù bí wọ́n ṣe ń sáré. Ẹni tí kò bá rí ọ̀kankan nínú méjèèjì, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ bí asáré ṣe ń jẹ àti bí ebi ṣe ń pa á, ìwé àdéhùn ni kí á kà. Ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni owó ìpìlẹ̀, èyí tí wọn yóò máa san fún un láàárín ọdún. Èkejì ni àjẹmọ́nú, bóyá nítorí pé ó gba àmì ẹ̀yẹ tàbí pé ó sáré kọjá àkọsílẹ̀ àtijọ́. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni wọ́n ń kà sókè lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Ẹ̀kẹta kì í sábà dé etí ìta: ìlà tó ń sọ ìgbà tí wọn yóò gé owó ìpìlẹ̀ náà. Bí asáré bá jábọ́ kúrò ní ipò tó wà lágbàáyé, wọ́n lè gé e. Bí iye ìdíje tó kópa nínú rẹ̀ lọ́dún kò bá tó iye tí ìwé sọ, wọ́n lè gé e. Bí ẹsẹ̀ bá dùn ún fún oṣù mélòó kan, ó ti já sí méjèèjì nìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tún máa ń fi ìdè sí ẹnu asáré pé kò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí ló fà á tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í fi í rí ọgbọ́n kọ́ lára ẹni tó ti ṣáájú.

Ìlà gígé yìí ń dun asáré ọ̀nà jíjìn ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà lè kópa nínú ìdíje lọ́pọ̀ ìgbà láàárín oṣù mẹ́ta. Bí èyí kò bá dára, òmíràn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá kìlómítà méjìlélógójì kò lè fi gbogbo ara sá a ju bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lọ, nítorí ara ẹran ni, kì í ṣe irin. Bí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fà ya ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdíje, ìdajì ọdún rẹ̀ ti lọ. Ìwé àdéhùn kò mọ̀ pé iṣan fà ya. Ohun tó mọ̀ ni pé kò sáré.

Ẹ má rò pé àròsọ ni mo ń sọ. Ní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Boris Berian, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé oúnjẹ McDonald's kó lè rí owó gbọ́ bùkátà, ti gbégbá orókè nínú ìdíje àgbáyé fún eré ẹgbẹ̀rin mítà ti inú gbọ̀ngàn. Ilé iṣẹ́ New Balance ní àwọn yóò máa san 125,000 dọ́là fún un lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, láìsí ìlà gígé kankan. Nike, tó ti kọ́kọ́ ń gbọ̀wọ́ rẹ̀, sọ pé àdéhùn àtijọ́ fún òun ní ẹ̀tọ́ láti san iye kan náà kí òun sì dá a dúró. Berian ní kì í ṣe iye kan náà, nítorí pé ìwé ti Nike ní ìlà gígé nínú, ti ẹnìkejì kò sì ní in. Nike pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù Òkúdù ọdún náà, nígbà tí ìdíje tí wọ́n fi ń yan àwọn tí yóò lọ sí Òlíḿpíìkì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Nike fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ kíyè sí ohun tí ìjà náà dá lé lórí. Iye tí wọ́n kọ sí ojú ìwé lè jọra; ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ló sọ ọ́ di owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti àwọn obìnrin tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kara Goucher, asáré marathon ọmọ Amẹ́ríkà, bímọ ní ọdún 2010. Ó sọ lẹ́yìn náà pé Nike dá owó òun dúró títí òun yóò fi padà sí ìdíje, nítorí náà ni òun ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ìdajì marathon ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2019 ni òun àti Alysia Montaño sọ ọ̀rọ̀ náà síta nínú ìwé ìròyìn New York Times, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìdè ẹnu tí mo mẹ́nu bà lókè yìí ti dí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lẹ́nu. Láìpẹ́ sí i, Allyson Felix, tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú eré orí pápá, sọ pé iye tí Nike fẹ́ san fún òun lẹ́yìn oyún dín ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sí ti tẹ́lẹ̀. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Nike fi yí àdéhùn rẹ̀ padà ní oṣù Ògún ọdún 2019: kò ní gé owó obìnrin asáré nítorí oyún fún oṣù méjìdínlógún. Kì í ṣe pé wọn kò lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é ni.

Ẹnìkan lè ní, "Amẹ́ríkà nìyẹn, kí ló kàn wá ní Ìkòròdú?" Ó kàn wá. Ní ọdún 2019, àjọ tó ń rí sí eré orí pápá ní Nàìjíríà, AFN, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Puma ti orílẹ̀-èdè Jámánì. Kò pẹ́ tí awuyewuye fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn aṣáájú àjọ náà àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó eré ìdárayá, pé ta ló láṣẹ láti fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo dé ní ọdún 2021, gbogbo ayé rí fídíò Chukwuebuka Enekwechi, ẹni tó ń ju irin fún Nàìjíríà, níbi tó ti ń fọ aṣọ ìdíje kan ṣoṣo tó ní, lẹ́yìn tó ti yege láti kópa nínú àṣekágbá. Ní oṣù Ògún ọdún náà gan-an ni Puma fòpin sí àdéhùn. Nígbà tí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Àwọn tí wọ́n ń wọ aṣọ náà kọ́ ni wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé. Àwọn náà kọ́ ni wọ́n jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á ya.

Oríṣi gígé mìíràn sì wà tí àwa nìkan mọ̀ ní ilẹ̀ yìí, tí kò nílò ìlà kankan nínú ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, iye tí ìjọba ń pààrọ̀ dọ́là kan kò tó igba náírà. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ sọ́wọ́ ọjà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Asáré tí wọ́n ṣèlérí 100,000 náírà fún lóṣù, ní ọdún 2016 owó rẹ̀ ju 500 dọ́là lọ. Ní ọdún 2024 kò tó 70. Bàtà eré kì í ṣe ohun tí à ń rán ní ọjà Ṣábọ̀. Òkè òkun ló ti ń wá, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń rà á. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan àdéhùn rẹ̀, síbẹ̀ owó rẹ̀ ti fò lọ. Onígbọ̀wọ́ yóò búra pé òun kò gé nǹkan kan, òtítọ́ ni yóò sì máa sọ.

Mo mọ bí gígé owó ṣe ń rí lára. Ọdún kan wà tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dín owó oṣù wa kù sí ìdajì. Ìwé pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sí ìpàdé, kò sí àlàyé. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó náà; pé n kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí mo lè tọ́ka sí pé, "Ohun tí a jọ sọ nìyí" ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ìwé àdéhùn pẹ̀lú ojú mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan láti agbègbè Ẹ̀pẹ́ wá bá mi ní ọ́fíìsì pẹ̀lú lẹ́tà kan ṣoṣo. Oníṣòwò kan ti ṣèlérí owó oṣooṣù àti bàtà fún un, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà yẹ̀, owó dúró. Mo ka lẹ́tà náà. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní wọn yóò máa ràn án lọ́wọ́ "níwọ̀n ìgbà tó bá ń sáré déédéé." Ọmọ náà ti rí gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ sí i ni pé kò gbọdọ̀ ya ọ̀lẹ. Kò mọ̀ pé ìfarapa náà wà nínú rẹ̀. Mo kọ ìròyìn náà ní ìdajì, mo gbé e sílẹ̀, nítorí pé bọ́ọ̀lù ti gba gbogbo ojú ewé ọjọ́ náà. N kò padà sí i mọ́. Bóyá ni ọmọ náà tún sáré lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀tá wa. Nígbà tí Ikorodu City gòkè sí líìgì àgbà orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2024, èmi náà wà lára àwọn tí inú wọ́n dùn. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ tó gbà á síṣẹ́, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó lè bi ní ìbéèrè. Asáré ọ̀nà jíjìn dá wà. Òun nìkan ló ń sáré, òun nìkan náà ló ń fọwọ́ síwèé.

Ẹ tún wo ìyàtọ̀ yìí. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa fún obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ méjìlá, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdajì. Láti ọdún 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà fún àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Olùkọ́ obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Ẹ̀pẹ́ lè bímọ, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsí ìbẹ̀rù. Àbúrò rẹ̀ tó ń sáré fún onígbọ̀wọ́ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí pé lójú ìwé, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń ta orúkọ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kò bá ṣeé tà mọ́, ọjà ti tú nìyẹn.

Ó yẹ kí á gbọ́ ti ẹnìkejì pẹ̀lú, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé iṣẹ́ kì í ṣe ilé àánú. Bí wọ́n bá ná owó lórí asáré, wọ́n fẹ́ kí ayé rí orúkọ wọn láyà rẹ̀. Àwọn asáré kan wà tí wọ́n ń gba owó tí wọn kì í jí lọ sí pápá. Àwọn mìíràn ń lo oògùn olóró, wọ́n sì ń kó ẹrẹ̀ bá orúkọ ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́. N kò sọ pé kí wọ́n máa bọ́ irú wọn. Bí a bá ni onígbọ̀wọ́ lára jù, yóò sá, kò sì ní sí ẹni tí yóò ra bàtà fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn.

Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: ẹ̀bi ni kí á máa gé owó fún, kì í ṣe àjálù. Ẹni tó lo oògùn olóró, ẹ gé owó rẹ̀. Ẹni tó kọ̀ láti sáré láìnídìí, ẹ gé owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣan rẹ̀ fà ya níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹ gbé fún un, àti obìnrin tó lóyún, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Onígbọ̀wọ́ tó ń jẹ èrè ẹsẹ̀ náà nígbà tó le yẹ kó lè dúró tì í fún ìwọ̀nba ìgbà tó bá ń ṣàìsàn.

Kí ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí gbogbo ìlérí di ìwé, kí ìwé náà sì wà ní èdè tí asáré gbọ́. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́ jù, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí òfin tó ní àdéhùn kò gbọdọ̀ fọ èdè wa.

Ìkejì, kí ìlà gígé dá ẹ̀bi yàtọ̀ sí àjálù. Bí dókítà bá jẹ́rìí sí ìfarapa, kí owó ìpìlẹ̀ má ṣe yẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ní ti oyún, bí Nike bá lè gba oṣù méjìdínlógún, àwọn ilé iṣẹ́ tiwa náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibìkan.

Ìkẹta, kí á má ṣe fi náírà nìkan wọn ìrànlọ́wọ́. Bí ìwé bá sọ pé bàtà mẹ́rin lọ́dún, bàtà mẹ́rin ni yóò jẹ́ bí dọ́là bá gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá sì jẹ́ owó, kí wọ́n máa tún un wò lọ́dọọdún.

Ìkẹrin, kí ẹlẹ́rìí wà. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, ní ẹ̀ka ní Ìkòròdú, ó sì ní ní Ẹ̀pẹ́. Kì yóò gba agbẹjọ́rò kan ju wákàtí kan lọ láti ka ìwé ojú ewé méjì fún ọmọ àdúgbò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ̀dà ìwé náà sì wà lọ́wọ́ àjọ eré ìdárayá Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ onígbọ̀wọ́ nìkan ló wà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ni, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí parí sí lọ́wọ́. Tobi Amusan, ẹni tó fo irin ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní oṣù Agẹmọ ọdún 2022, tí obìnrin kankan láyé kò ṣe irú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà, Ìjẹ̀bú-Òde ló ti wá, kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ rárá. Ẹbùn kò ṣọ̀wọ́n ní apá ibí. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé dé iwájú ọmọ yín, tí inú gbogbo ilé ń dùn, tí fọ́tò ń ṣẹ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé èló ni wọn yóò fún un. Ẹ béèrè pé ọjọ́ wo ni wọn yóò gbà á padà. Bí ẹni tó gbé ìwé wá kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó gbé e padà lọ tún un kọ. Ọmọ yín ṣì lè sáré lọ́la. Ìwé tó bá fọwọ́ sí lónìí kò ní dúró dè é.